Iṣẹ́ Òkun Kì Í Ṣe Iṣẹ́ Alábàárù: Ohun Tí Akẹ́kọ̀ọ́ Lè Kọ́ Lọ́dọ̀ Onímọ̀ Àlejò

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà wa. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹta ni mí, ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀dá inú òkun ni mò ń kọ́. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan ń bọ̀ láti òkè òkun wá ṣe ìwádìí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní ibùdó tí ilé-ẹ̀kọ́ wa ń lò, wọ́n sì ti yan èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan láti bá wọn ṣiṣẹ́. Àwọn tó ti ṣe é ṣáájú wa ní ẹrù gbígbé àti ìgò fífọ̀ nìkan ni àwọn ṣe. Kí ni mo lè ṣe tí màá fi kọ́ iṣẹ́ gan-an? Ṣé ó tọ́ kí n béèrè pé kí orúkọ mi wà lára àwọn tó kọ àbájáde ìwádìí náà? Bí mo bá sì wọ ọkọ̀ ojú omi, òòyì máa ń kọ́ mi, n kò sì fi bẹ́ẹ̀ mọ bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o ṣeun tí o kọ̀wé kí àwọn àlejò náà tó dé. Ẹ̀yìn tí ọkọ̀ ti lọ ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń béèrè irú nǹkan yìí lọ́wọ́ mi, nígbà tí kò sí ohun tí a lè tún ṣe sí i mọ́.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mo gbà gbọ́ jù lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Má fi ẹ̀rọ ṣe ohun tí o fẹ́ lọ kọ́. Ẹ̀rọ á bá àwọn tó ni í padà sílé. Ìdí ni kí o máa lépa: ìdí tí wọ́n fi bu omi níbí tí wọn kò bù ú lọ́hùn-ún, ìdí tí wọ́n fi kún ìgò yìí kí wọ́n tó kún tọ̀hún, ìdí tí wọ́n fi da omi kan nù tí wọ́n ní kò ṣeé lò. Kò sí nọ́ńbà kan nínú ìwé ìwádìí tí ẹnìkan kò ti ṣe ìpinnu lé lórí kí ó tó di nọ́ńbà. Ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìpinnu yẹn ni kí o wá ọ̀nà dúró sí. Bó bá jẹ́ ẹrù ni wọ́n ní kí o gbé débẹ̀, gbé e, ṣùgbọ́n bí o bá ti sọ ọ́ kalẹ̀, má yà lọ. Dúró, kí o wo ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe.

N kò sọ pé kí o sá fún ẹrù o. Nínú iṣẹ́ òkun, ọ̀gá ń gbé ẹrù, ọmọ iṣẹ́ ń gbé ẹrù, torí pé ojú ọjọ́ àti omi kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ìgò fífọ̀ tí àwọn tó ṣáájú rẹ ń ráhùn lé lórí pàápàá, ẹ̀kọ́ ńlá ló wà nídìí rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò là wọ́n lójú sí. Bí wọ́n bá fẹ́ wọn phosphate inú omi òkun, ọ̀kan nínú àwọn ohun aṣaralóore inú omi, wọn kì í fi ọṣẹ lásán fọ ìgò rẹ̀, nítorí pé phosphate lè wà nínú ọṣẹ. Áásìdì hydrochloric tí a ti fi omi là ni wọ́n ń lò, wọ́n á wá fi omi mímọ́ ṣàn án dáadáa. Bí wọ́n bá dé ojú omi, wọ́n á tún fi omi òkun tí wọ́n fẹ́ bù gan-an ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n tó kún un. Ẹni tó mọ èyí ti mọ ohun tó lè sọ iṣẹ́ odindi ọ̀sẹ̀ kan di asán, kò sì sí onímọ̀ tó ní làákàyè tí kò ní fẹ́ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ wà nítòsí òun.

Ìmúrasílẹ̀ rẹ yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀ báyìí. Sọ fún olùkọ́ tó ń bójú tó yín pé kó bá yín gba ètò iṣẹ́ àwọn àlejò náà: ìbéèrè wo ni wọ́n fẹ́ dáhùn, ibo ni wọ́n ti fẹ́ bu omi, kí ni wọ́n fẹ́ wọ̀n. Wá ìwé ìwádìí kan tàbí méjì tí àwọn fúnra wọn ti kọ. Kí o tó ka àbájáde, ka apá tí wọ́n ti ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ṣiṣẹ́. Ohun gbogbo tí kò bá yé ọ níbẹ̀, kọ ọ́ sílẹ̀. Ìyẹn ni ìbéèrè tí o máa gbé lọ. Lẹ́yìn náà, fi lẹ́tà kúkúrú ránṣẹ́ sí wọn nípasẹ̀ olùkọ́ rẹ. Sọ ẹni tí o jẹ́, ohun tí o ti mọ̀ ọ́n ṣe, àti ohun kan pàtó tí o fẹ́ kọ́. “Mo fẹ́ mọ bí ẹ ṣe ń wọn ọ́síjìn inú omi láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin” dára ju “ohunkóhun tí ẹ bá fún mi ṣe ni màá ṣe” lọ. Ẹni tó ní ohunkóhun lòun fẹ́, ohunkóhun náà ni wọ́n á fún un.

Má sì gbàgbé pé ohun kan wà lọ́wọ́ rẹ tí kò sí lọ́wọ́ wọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni wọ́n máa rí omi yẹn. Ìwọ ti rí i ní onírúurú ìgbà láàárín ọdún. O mọ ìgbà tó máa ń rú, o mọ ibi tí ìṣàn rẹ̀ ti le, o mọ ibi tí àwọn apẹja ń na àwọ̀n sí. Lọ bá àwọn apẹja àti atukọ̀ sọ̀rọ̀ kí àwọn àlejò tó dé. Béèrè ibi tí ìdí omi ti jẹ́ àpáta, ibi tó ti jẹ́ ẹrẹ̀, ibi tí okùn máa ń há sí. Ya á sórí ìwé. Mo ti rí i tí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ yí ètò iṣẹ́ odindi ọjọ́ kan padà, tí gbogbo ọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe akẹ́kọ̀ọ́ tó yà á ní orúkọ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá wọ ọkọ̀.

Ó ṣeé ṣe kí ohun tó máa kọ́kọ́ gbà ọ́ lójú jẹ́ ẹ̀rọ CTD. Ohun mẹ́ta ló ń wọ̀n: bí omi ṣe ń gbé iná mànàmáná kọjá, bó ṣe gbóná tàbí tutù sí, àti bó ṣe jìn tó. Láti ara ti àkọ́kọ́ ni wọ́n ti ń ṣírò iyọ̀, èyí tó máa ń tó nǹkan bíi gíráàmù 35 nínú kìlógíráàmù omi òkun kan ní ìpíndọ́gba. Agbára tí omi fi ń tẹ ẹ̀rọ náà ni wọ́n sì fi ń mọ bó ṣe jìn tó, torí pé ní gbogbo mítà 10 tó bá sọ̀kalẹ̀, ìtẹ̀ náà máa ń fi nǹkan bí ìwọ̀n afẹ́fẹ́ ojú ayé kan lé sí i. Yí férémù ẹ̀rọ náà ká, wọ́n máa ń to ìgò gbọọrọ 12 tàbí 24 sí i, tí wọ́n ṣí sílẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀. Ẹnu ìgò wọ̀nyí á wà ní ṣíṣí bí ẹ̀rọ ṣe ń lọ sísàlẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá ń fà á bọ̀ lókè ni ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà máa pàṣẹ pé kí ọ̀kọ̀ọ̀kan pa ẹnu dé níbi tó bá yàn.

Ẹ̀gbẹ́ ẹni yẹn ni kí o wà. Bí ẹ̀rọ bá ń sọ̀kalẹ̀, ìlà á máa yọ lójú kọ̀ǹpútà: ibi tí ooru ti já wálẹ̀ lójijì, ibi tí ọ́síjìn ti kéré jù, ibi tí àwọn ohun ọ̀gbìn kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí ti pọ̀ jù. Onímọ̀ náà á wò ó fún ìṣẹ́jú díẹ̀, á sì ní kí wọ́n pa ìgò kan dé ní mítà 40, kí wọ́n fo 50, kí wọ́n pa òmíràn dé ní 75. Kí ló rí ní 40? Kí ló dé tí 50 kò ṣe pàtàkì sí i? Ìdáhùn ìbéèrè méjèèjì yẹn ju ohun tí wàá rí kà nínú ìwé olójú ewé ọgọ́rùn-ún lọ, torí pé omi tó wà níwájú rẹ lọ́jọ́ náà gan-an ló ń sọ nípa rẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀rọ bá gúnlẹ̀ sójú ọkọ̀, wàá rí i pé kì í ṣe ẹni tó bá kọ́kọ́ débẹ̀ ló ń kọ́kọ́ bu omi. Ètò wà. Omi tí wọ́n fẹ́ wọn afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ló máa ń ṣáájú, ọ́síjìn sì wà lára wọn. Ti iyọ̀ máa ń wà lẹ́yìn. Bí omi ṣe ń dínkù nínú ìgò ńlá náà ni afẹ́fẹ́ ojú ọkọ̀ ń wọlé dípò rẹ̀, ó sì ń yí iye ọ́síjìn tó wà nínú omi tó ṣẹ́kù padà. Iyọ̀ ní tirẹ̀ kò ní fò lọ, ó lè dúró díẹ̀. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń darí omi ọ́síjìn dé ìdí ìgò kékeré, wọ́n á jẹ́ kó kún, kó tún máa ṣàn dànù fún ìgbà díẹ̀, kí omi tí afẹ́fẹ́ ti fara kàn lè jáde tán. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ro kẹ́míkà méjì sí i lójú ẹsẹ̀ kí ọ́síjìn ibẹ̀ má bàa yí padà mọ́. Lajos Winkler, onímọ̀ kẹ́míkà ará Họ́ńgárì, ló gbé ọ̀nà yìí kalẹ̀ ní 1888, títí di òní, òun ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá òótọ́ ni ẹ̀rọ ọ́síjìn ìgbàlódé ń sọ.

Bí ìhó afẹ́fẹ́ kan bá há sọ́rùn ìgò yẹn, nọ́ńbà ti bàjẹ́. Bí o bá rí i, sọ̀rọ̀, kódà bó bá jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ló bù ú. Mo mọ̀ pé kò rọrùn fún ẹni tí a tọ́ dàgbà pé kó má máa tọ́ka àṣìṣe àgbà. Ọ̀nà àtisọ ọ́ wà: “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wo ọrùn ìgò yìí.” Ìyẹn ti tó, kò sí àrífín níbẹ̀. Ẹni tó bá bínú sí ọ nítorí irú rẹ̀, òun ló ṣì.

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù láti fi la akẹ́kọ̀ọ́ lójú ni ti àwọ̀n plankton, àwọ̀n tí wọ́n fi ń kó àwọn ẹ̀dá kéékèèké tí ìṣàn omi ń gbé kiri. Ojú àwọ̀n tí wọ́n sábà máa ń fi kó àwọn ẹranko kéékèèké inú wọn jẹ́ máíkírómítà 200, ìyẹn ìdá kan nínú márùn-ún mílímítà. Ní ẹnu àwọ̀n náà, ẹ̀rọ kékeré alábẹ̀bẹ̀ kan wà tó ń yí bí omi ṣe ń gba ibẹ̀ kọjá, tó sì ń ka iye ìgbà tó yí. Ẹ gbọ́dọ̀ ka nọ́ńbà rẹ̀ kí àwọ̀n tó wọ omi, kí ẹ sì tún kà á nígbà tó bá jáde. Ká ní ẹnu àwọ̀n náà fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 50 láti etí kan dé ìkejì. Ààyè ẹnu rẹ̀ á jẹ́ nǹkan bíi mítà onígun mẹ́rin 0.196. Bí abẹ̀bẹ̀ bá fi hàn pé ẹ wọ́ ọ gba mítà 50, omi tó gba inú àwọ̀n kọjá jẹ́ nǹkan bíi mítà kúbíkì 9.8. Bí ẹ bá wá ka ẹ̀dá 490 nínú ohun tí ẹ kó, á jẹ́ pé 50 ló ń gbé inú mítà kúbíkì kan. Nọ́ńbà yìí ni ẹlòmíràn lè fi wé ti inú òkun mìíràn, tàbí ti òkun yìí kan náà ní ogún ọdún sí i.

Bí ẹni tó yẹ kó ka abẹ̀bẹ̀ bá gbàgbé ńkọ́? Ohun tó kù lọ́wọ́ yín ni pé “a rí wọn níbẹ̀.” Kò sí ẹni tó lè sọ iye wọn mọ́, bó ti wù kí maikirosikópù yín lágbára tó. Iṣẹ́ abẹ̀bẹ̀ kíkà yìí ni kí o bẹ̀ pé kí wọ́n fi lé ọ lọ́wọ́. Ẹnikẹ́ni kì í bá èèyàn du iṣẹ́ náà, kò dùn ún yà ní fọ́tò, síbẹ̀ orí rẹ̀ ni gbogbo nọ́ńbà tó ń bọ̀ lẹ́yìn dúró lé.

Bó bá jẹ́ etíkun olókùúta ni ẹ ti máa ṣiṣẹ́, níbi tí omi ti ń bo ilẹ̀ tó sì tún ń fà kúrò, ẹ̀rọ kò ní pọ̀. Férémù onígun mẹ́rin, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 50, okùn ìwọ̀n, àti ojú rẹ. Ojú rẹ yìí gan-an ni ìṣòro. Ó máa fẹ́ kí o gbé férémù síbi tí ẹ̀dá pọ̀ sí, torí pé ibi òfìfo kì í wu èèyàn í kà. Nítorí náà, kì í ṣe ìwọ ló máa yan ibi tí férémù máa balẹ̀. Nọ́ńbà tí wọ́n ti ṣà láìmọ̀ọ́mọ̀ yàn kí ẹ tó kúrò nílé ló máa yàn án. Bí nọ́ńbà bá gbé ọ dé orí àpáta tí kò sí nǹkankan lórí rẹ̀, kọ òdo sílẹ̀. Òdo náà, ìmọ̀ ni. Sì bẹ àwọn àlejò náà pé kí ìwọ àti ọ̀kan nínú wọn ka férémù kan náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, láìwo ìwé ara yín, kí ẹ tó wá fi wéra. Bí o bá ka 31 tí òun ka 44, ẹ jókòó tì í títí ẹ ó fi mọ ohun tí ọ̀kan yín kò rí. Nǹkan bí ìdajì wákàtí ni ìyẹn máa gbà, mi ò sì tíì rí ohun tó ń tètè kọ́ ojú akẹ́kọ̀ọ́ jù ú lọ.

Àkókò etíkun kì í pọ̀. Ní ọ̀pọ̀ etíkun ayé, omi máa ń kún lẹ́ẹ̀mejì, ó sì máa ń fà lẹ́ẹ̀mejì, láàárín nǹkan bíi wákàtí 24 àti ìṣẹ́jú 50, ìdí nìyẹn tí àkókò rẹ̀ fi ń pẹ́ sí i lójoojúmọ́. Ìgbà tí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé àti ìgbà òṣùpá àrànmọ́jú ló máa ń fà jìnnà jù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí omi tó fà tán, kí ẹ máa tẹ̀ lé e sísàlẹ̀, bó bá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í padà, kí ẹ̀yin náà máa gòkè bọ̀. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí: ẹni tó bá ń ka férémù kò gbọdọ̀ kọ ẹ̀yìn sí òkun láìsí ẹnìkejì tó ń bá a wo ìgbì.

Mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ ìwé àkọsílẹ̀ yìí, torí pé ibẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ ti lè di ẹni tí wọn kò lè ṣe iṣẹ́ láìsí i. Pẹ́ńsù ni kí o máa fi kọ̀wé, torí omi kì í pa á rẹ́. Má ṣe fi rọ́bà nu ohun tí o bá kọ ṣì. Fa ìlà kan lé e kó ṣì ṣeé kà, kí o kọ èyí tó tọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kọ ọjọ́, kọ wákàtí, kí o sì sọ bóyá àkókò UTC, ìyẹn àkókò àjọlò gbogbo ayé, ni tàbí ti agogo ọwọ́ rẹ. Kọ bí ojú ọjọ́ ṣe rí, kọ orúkọ ẹni tó ka ẹ̀rọ, kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ tí kò sí nínú ètò. Ṣọ́ra fún ibi tí GPS bá sọ pé ẹ wà. Bó bá fi dígírì 12 àti ìṣẹ́jú 30 hàn ọ́, 12.5 ni, kì í ṣe 12.30. Ẹni tó kọ 12.30 lórí ìwọ̀n àríwá sí gúúsù ti sún ibi iṣẹ́ kúrò ní máìlì òkun 12, nǹkan bíi kìlómítà 22. Mo ti rí dátà tó dára tó bọ́ sórí ilẹ̀ gbígbẹ nínú máàpù nítorí irú èyí.

Lébẹ̀lì náà ńkọ́? Ọ̀kan á wà lára ìgò, ọ̀kan á wà nínú rẹ̀, pẹ́ńsù ni ẹ ó sì fi kọ méjèèjì, torí pé ethanol tí wọ́n fi ń tọ́jú ẹ̀dá máa ń wẹ ọ̀pọ̀ yíǹkì kúrò. Béèrè pẹ̀lú ìdí tí wọ́n fi kó ẹ̀dá kan sínú ethanol tí wọ́n sì kó òmíràn sínú fọ́málìn. Fọ́málìn máa ń jẹ́ kí ara ẹ̀dá dúró bó ṣe rí, ṣùgbọ́n ó máa ń ba DNA rẹ̀ jẹ́. Ohun olóró sì ni fún ènìyàn: ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́, ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá, kì í ṣe yàrá tí a ti ti fèrèsé rẹ̀ pa.

Kí o má bàa rò pé ọ̀rọ̀ pẹ́ńsù àti ìwé ti kéré jù, ronú nípa HMS Challenger, ọkọ̀ ìwádìí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó yí òkun ayé ká láti 1872 sí 1876. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ so tẹmómítà mọ́ okùn, wọ́n sọ ọ́ sínú ibú, wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀: ibi tí wọ́n wà, ọjọ́ tó jẹ́, bí okùn ṣe gùn tó, irú tẹmómítà tí wọ́n lò. Ní 2012, àwọn onímọ̀ kan gbé nọ́ńbà wọ̀nyẹn jáde, wọ́n fi wọ́n wé ti àwọn ẹ̀rọ Argo òde òní, àwọn tó ń léfòó káàkiri òkun, tí wọ́n ń sọ̀kalẹ̀ dé mítà 2,000 tí wọ́n sì ń yọjú ní ọjọ́ mẹ́wàá mẹ́wàá. Wọ́n rí i pé omi òkun ti gbóná sí i. Wọ́n tilẹ̀ lè ro ti ìtẹ̀ ibú tó ń ti tẹmómítà ayé àtijọ́ mọ́ ìṣirò wọn, kìkì nítorí pé ẹnìkan kọ irú tẹmómítà tó jẹ́ sílẹ̀. Gbogbo ẹni tó kọ ọ́ ti kú. Àkọsílẹ̀ wọn ló ń bá wa sọ̀rọ̀.

Bí a ṣe ń béèrè ọ̀rọ̀ náà ní àkókò tirẹ̀. Abéèrè kì í ṣìnà lóòótọ́, àmọ́ má béèrè nígbà tí okùn bá le lórí ẹ̀rọ ìfàkùn tàbí nígbà tí atukọ̀ bá ń sọ̀rọ̀. Kọ ìbéèrè rẹ sẹ́yìn ìwé, kí o mú un wá nígbà tí ẹ bá ń darí bọ̀ sí èbúté tàbí nígbà tí ẹ bá ń fọ ohun èlò lálẹ́. Fífọ ohun èlò lálẹ́ yẹn gan-an ni wákàtí tó dára jù: ọwọ́ gbogbo ènìyàn dí, ẹnu wọn kò dí, wọ́n á sì máa ṣàròyé ohun tí kò lọ bó ṣe yẹ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó bá sá lọ sùn kò ní gbọ́ ọ.

Ó kan ọ̀rọ̀ orúkọ rẹ. Bẹ́ẹ̀ ni, ó tọ́ kí o béèrè, ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ sì ni kí o ti béèrè, nígbà tí kò tíì sí ohun tí ẹnikẹ́ni máa jà sí. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ṣùgbọ́n béèrè bí ẹni tó mọ òfin ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn ìmọ̀ ló ń lo ètò CRediT lónìí, èyí tó pín iṣẹ́ ìwádìí sí ọ̀nà 14: ríronú ìbéèrè, kíkó dátà jọ, títọ́jú dátà, ṣíṣe ìṣirò, kíkọ ìwé, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Níbi púpọ̀, omi bíbù nìkan kò tó láti sọ èèyàn di òǹkọ̀wé. Orúkọ rẹ á bọ́ sí apá ìdúpẹ́. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ máa wà lókè gbọ́dọ̀ ti kópa nínú iṣẹ́ náà tó nípọn, kó ka ìwé náà, kó bá wọn tún un ṣe, kó sì lè dúró lé ohun tó wà níbẹ̀. Nítorí náà, má kàn sọ pé, “Ṣé orúkọ mi máa wà níbẹ̀?” Sọ pé: “Kí ni iṣẹ́ tí mo lè ṣe lórí dátà yìí lẹ́yìn tí ẹ bá lọ, tí màá fi wà lára àwọn tó kọ ọ́?” Gba apá kan tí o lè gbé: kíka plankton inú ìgò mélòó kan, tàbí títún àkọsílẹ̀ tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà kí o sì yẹ̀ ẹ́ wò. Jẹ́ kí olùkọ́ rẹ mọ̀ nípa rẹ̀, kí ẹ sì fi ìwé ráńpẹ́ tì í lẹ́yìn. Bí wọ́n bá ní kò ṣeé ṣe, o ti mọ̀ ní kùtùkùtù.

Ohun kan tún wà tí kì í ṣe ojúrere. Òfin Òkun tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé kalẹ̀ ní 1982 sọ pé kí onímọ̀ ilẹ̀ mìíràn tó wá ṣe ìwádìí nínú omi orílẹ̀-èdè kan, títí dé máìlì òkun 200 sí etíkun, ó gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda rẹ̀, kó sì ti fi àlàyé iṣẹ́ náà ránṣẹ́ ní oṣù mẹ́fà ṣáájú. Abala 249 fún orílẹ̀-èdè tó ni etíkun ní ẹ̀tọ́ láti kópa nínú iṣẹ́ náà bó bá fẹ́, títí kan wíwà nínú ọkọ̀ níbi tó bá ti ṣeé ṣe, kó rí àbájáde rẹ̀ gbà, kí ọwọ́ rẹ̀ sì tó dátà àti ohun tí wọ́n kó. Àdéhùn Nagoya, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2014, tún wà fún ọ̀rọ̀ àbùdá ẹ̀dá tí wọ́n bá fẹ́ kó jáde. Ìwọ kọ́ ló máa lọ fi òfin yìí dojú kọ àlejò. Iṣẹ́ ibùdó yín àti ìjọba ni. Mo sọ ọ́ fún ọ kí o lè mọ̀ pé bí ẹ bá béèrè ẹ̀dà dátà kí ọkọ̀ tó ṣí, ẹ kò tọrọ báárà. Ọ̀pọ̀ àlejò dáadáa ti mọ èyí, inú wọn sì máa ń dùn tí ẹ bá béèrè. Ó dùn mí pé ibi tí kò ti rí bẹ́ẹ̀ ṣì wà, níbi tí wọ́n á ti kó ohun gbogbo lọ, tí ibùdó á sì máa wá àbájáde omi tirẹ̀ rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Bí wọ́n bá lọ, iṣẹ́ rẹ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Yan ibi kan nínú àwọn ibi tí ẹ ti ṣiṣẹ́, kí ìwọ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ máa padà síbẹ̀ lóṣooṣù. Tẹmómítà, férémù, àti àwo Secchi ti tó. Àwo pẹrẹsẹ funfun ni Secchi; Angelo Secchi, àlùfáà ọmọ Ítálì tó jẹ́ onímọ̀ ìràwọ̀, ló fi í dán bí omi òkun ṣe mọ́ tó wò ní 1865. Okùn tí wọ́n ti sàmì sí ni wọ́n fi ń sọ ọ́ kalẹ̀ níbi òjìji ọkọ̀, láìwọ awò dúdú, ní nǹkan bí ọ̀sán gangan. Kọ ibi tó ti pòórá, fà á sókè díẹ̀, kọ ibi tó ti tún hàn, kí o wá mú àárín méjèèjì. Lẹ́yìn ọdún kan, ohun tó máa wà lọ́wọ́ yín ni ìtàn odindi ọdún tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àwọn àlejò kò lè sọ. Fi ránṣẹ́ sí wọn. Lẹ́tà tí dátà bá tẹ̀ lé, wọ́n máa ń dáhùn rẹ̀.

Ti òòyì kò le tó bí o ṣe rò. Ó máa ń mú àwọn ọ̀gá náà. Sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, jẹ oúnjẹ fúyẹ́, má fi ikùn òfìfo wọ ọkọ̀. Bí dókítà tàbí apòògùn bá fún ọ ní oògùn rẹ̀, ìgbà tí ọkọ̀ kò tíì ṣí ni kí o ti lò ó, torí pé bí èébì bá ti bẹ̀rẹ̀, ó ti pẹ́ jù. Dúró sí àárín ọkọ̀, níbi tí kì í ti mì púpọ̀, kí o máa wo ibi tí ojú ọ̀run ti pàdé òkun, kí o sì jẹ́ kí ẹlòmíràn bá ọ kọ̀wé ní wákàtí àkọ́kọ́.

Ti ìlúwẹ̀ẹ́ ni n kò ní fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Sọ fún olùkọ́ rẹ àti fún ọ̀gákọ̀ lónìí pé o kò tíì mọ̀ ọ́n dáadáa. Ìtìjú kò sí níbẹ̀, ewu ló wà nínú fífi í pamọ́. Wọ ẹ̀wù amúniléfòó kí o tó fi ẹsẹ̀ kan ọkọ̀, má sì bọ́ ọ títí wàá fi padà sórí ilẹ̀. Má dúró sínú okùn tó ká, má sì gba orí okùn tó le kọjá. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí o wọ omi, bó ti wù kó tóbi tó, sọ fún un pé, “Ẹ máa bínú, wọn kò tíì kọ́ mi,” kí o sì dúró sójú ọkọ̀. Láti ọ̀sẹ̀ yìí, wá ẹni tó máa kọ́ ọ nínú omi tó pa rọ́rọ́, kí o kọ́kọ́ mọ bí a ṣe ń léfòó lórí ẹ̀yìn ná.